Mo ń jí ní aago méjì òru: ṣé ẹ̀dọ̀ mi ni kò dára?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Oníṣòwò ni mí, ẹni ọdún 46, ìlú Guangzhou ní Ṣáínà ni mo ti ń ra ọjà tí mo ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Láti oṣù méjì sẹ́yìn, bí aago méjì òru bá ti lù báyìí ni ojú mi máa ń là, oorun kì í sì í padà títí di aago mẹ́rin. Oníṣègùn ìbílẹ̀ kan níbí di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yẹ ahọ́n mi wò, ó ní aago kan sí mẹ́ta òru ni wákàtí ẹ̀dọ̀, pé ìbínú tí mo gbé mì ló dí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ mi. Òótọ́ ni pé oníbàárà kan jẹ mí ní owó ńlá. Ṣùgbọ́n àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa bàbá mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti kó ìpayà bá mi. Oníṣègùn náà fún mi ní egbòogi, mi ò tíì lò ó. Kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ṣáínà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro ná. Ohun tí ó sọ wà nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní zi wu liu zhu, tí ó pín ọ̀sán àti òru sí ìsọ̀rí 12, wákàtí méjì-méjì, tí qi, ìyẹn agbára tó ń gbé ara ró, sì máa ń pọ̀ jù lọ ní ipa ọ̀nà ẹ̀yà ara kan ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Aago 11 alẹ́ sí 1 òru ni ti òróòro, 1 sí 3 ni ti ẹ̀dọ̀, 3 sí 5 ni ti ẹ̀dọ̀fóró, tí wọ́n so mọ́ ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń pè ní gan, tí a túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀, ju ẹ̀yà ara tí dókítà ń yẹ̀ wò lọ. Ó kó ìbínú, ojú àti iṣan pọ̀. Àwa náà tí a ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti òróòro nígbà tí a bá fẹ́ kí ènìyàn ní sùúrù, ṣé àìsàn ni a ń sọ ni? Ẹ rántí pẹ̀lú pé oòrùn ni àwọn àtijọ́ fi ń mọ wákàtí. Lónìí gbogbo Ṣáínà ń lo aago Beijing, bẹ́ẹ̀ oòrùn Urumqi, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, fi nǹkan bí wákàtí méjì pẹ́ sẹ́yìn aago náà.

Ìyá Ìbejì
Ẹ lo egbòogi náà, bọ̀dá. Tèmi mú mi sùn.

Nọ́ọ̀sì
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lò ó. Ẹ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀: bí gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní He Shou Wu bá wà níbẹ̀, ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn ènìyàn jẹ́ rí, ohun tí ẹ sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Mi ò gbà pé aago tí ènìyàn jí lè sọ ẹ̀yà ara tó ń ṣàìsàn. Aago wà nínú ara lóòótọ́, àwọn mẹ́ta tó ṣàwárí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lára eṣinṣin èso gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ojú ló ń darí rẹ̀ jù lọ. Ìyípo-ìyípo ni oorun ń rìn, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 fún ìyípo kan, ó sì máa ń fúyẹ́ sí i bí òru bá ti ń lọ, débi pé ariwo díẹ̀ tàbí àròyé ọkàn tó láti jí ènìyàn. Ṣé ìtọ̀ ló ń jí yín? Ṣé ẹ máa ń han orun? Ṣé ẹ ń mu ọtí lálẹ́? Nítorí ti bàbá yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ B, kì í ṣe nítorí aago méjì. Níbo ni fóònù yín máa ń wà? Aago méjì òru ní Guangzhou ni aago méje alẹ́ ní Èkó.

Oníbèérè
Ẹ ṣeun. He Shou Wu wà lára páálí rẹ̀, mo ti gbé e sílẹ̀. Ìtọ̀ kọ́, mi ò sì mu ọtí. Abẹ́ ìrọ̀rí ni fóònù wà, aago méje alẹ́ Èkó sì ni ọkùnrin tó jẹ mí lówó máa ń pè mí kí ó tó dẹ́kun àtipè ní oṣù méjì sẹ́yìn. Èmi kò so ó pọ̀ rárá. Yàrá àlejò ni fóònù yóò sùn lálẹ́ òní, ọjọ́ Ajé ni mo sì ń lọ fún àyẹ̀wò náà.