Dídà ni oúnjẹ ń dà, kì í ṣe lílọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe gbogbo ọ̀nà tí oúnjẹ ń tọ̀ láti ẹnu dé ìdí ní “ẹ̀rọ ìlọ-oúnjẹ”. Ẹ má bínú sà, n kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ ìlọta àti ariwo rẹ̀ lọ́jà ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Eyín ló ń lọ nǹkan. Bí òkèlè iyán bá ti gba ọ̀nà ọ̀fun dé àpòlúkù, iṣan ibẹ̀ á máa pò ó mọ́ omi kíkan títí á fi ṣàn bí ògì. Iṣẹ́ gan-an ṣì wà níwájú. Nínú ìfun kékeré, tó gùn tó bíi mítà 6, ni òróòro tó ti ẹ̀dọ̀ wá ti ń tú ọ̀rá ká, tí omi pancreas (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù) ń sọ iyán di ṣúgà, tí ara sì ń fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Èwo ni ti lílọ̀ níbẹ̀?

Adìyẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu. Kò léyín, òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣà jẹ ni iwe rẹ̀ fi ń lọ àgbàdo. Ẹni tó bá ti la iwe rí mọ iyanrìn inú rẹ̀.

Tiwa ti wà nílẹ̀ tipẹ́: “Ẹ̀wà àná ò dà nínú mi.” Ìyá àgbà wo ni kò ní gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká pe iṣẹ́ náà ní “ìdà-oúnjẹ”, ká pe ojú ọ̀nà rẹ̀ ní “ọ̀nà ìdà-oúnjẹ”. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọn á kà á sí idà ajagun, ẹ ṣáà fi àmì ohùn sí i.

Ẹni tó ní ká pe àpòlúkù ní ṣàkì, àfi kó lọ bá alápatà. Ọ̀kan nínú yàrá mẹ́rin ikùn màlúù ni ṣàkì, ibẹ̀ ni koríko ń dúró sí kó tó padà sẹ́nu. Àwa kì í jẹ àpọ̀jẹ.

Èyí tó ń dùn mí jù ni “ìfun kékeré” àti “ìfun ńlá”. Ọmọ ilé ìwé á rò pé ńlá ló gùn jù, bẹ́ẹ̀ mítà kan ààbọ̀ péré ni. Fífẹ̀ ló fi ju èkejì. “Ìfun tẹ́ẹ́rẹ́” àti “ìfun fífẹ̀” ni èmi ń fi kọ́ wọn. Fífẹ̀ yìí ló ń fa omi kúrò lára ohun tó ṣẹ́kù kó tó di ìgbẹ́.

Ti pancreas, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.