Wọ́n kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì torí mi ò ní ìtàn kírẹ́dítì: káàdì wo ni kí n béèrè fún ní Amẹ́ríkà?

Arìnrìnàjò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹrin mi rèé ní Amẹ́ríkà. Mo ní nọ́ńbà Social Security, mo ní iṣẹ́, mo sì ní àkáǹtì ní báńkì. Ibi méjì ni mo ti béèrè fún káàdì kírẹ́dítì, àwọn méjèèjì kọ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ní ìtàn kírẹ́dítì mi kò tó nǹkan, èkejì ní àwọn ò rí fáìlì tó jẹ́ tèmi. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan kọ̀wé sí mi pé káàdì ti wà nílẹ̀ fún mi. Gbèdéke rẹ̀, ìyẹn iye tí mo lè ná lórí rẹ̀, jẹ́ $300, ṣùgbọ́n màá san $95 kí wọ́n tó ṣí i, màá sì san $75 fún ọdún kìíní. Ṣé kí n gbà á? Àbí ó túmọ̀ sí pé mo ti ní "bad credit" ni?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, má gbà á. Ṣírò rẹ̀ wò: $170 ti lọ kí o tó fi ra búrẹ́dì. Òfin CARD Act ti ọdún 2009, òfin Amẹ́ríkà lórí káàdì kírẹ́dítì, sọ pé owó tí wọ́n ń bù lórí káàdì ní ọdún kìíní kò gbọdọ̀ ju 25% gbèdéke tí wọ́n fi ṣí i lọ. 25% nínú $300 ni $75 gan-an, ìyẹn ni wọ́n ṣe mú iye yẹn. $95 wá jẹ́ owó tí wọ́n gbà kí àkáǹtì tó ṣí, òfin yẹn kò dé ibẹ̀. $75 náà yóò sì jókòó sórí káàdì láti ọjọ́ kìíní, bí ẹni pé o ti jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin gbèdéke rẹ tán láìtíì ra nǹkan kan.

O ò ní "bad credit" o. Ẹni tí kò yáwó rí yàtọ̀ sí ẹni tó yá a tí kò san. Ìwọ, wọn ò tíì mọ̀ ọ́ ni.

Akọ̀wé Báńkì: Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ẹ dáwọ́ ìbéèrè dúró ná. Fọ́ọ̀mù káàdì kọ̀ọ̀kan ń fi hard inquiry kan, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé ẹ béèrè fún kírẹ́dítì, sínú fáìlì kírẹ́dítì yín. Ọdún méjì ló ń lò níbẹ̀, oṣù 12 àkọ́kọ́ sì ni FICO, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe máàkì kírẹ́dítì tí àwọn báńkì ń wò, fi ń kà á. Kí FICO tó fún èèyàn ní máàkì (300 sí 850 ni), ó gbọ́dọ̀ rí àkáǹtì kan tó ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, àti ọ̀kan tí wọ́n ròyìn láàárín oṣù mẹ́fà tó kọjá. Tí ẹ bá ṣí káàdì lónìí, ẹ máa dúró oṣù mẹ́fà kí ẹ tó rí máàkì, kò sí ẹni tó lè sáré rẹ̀ fún yín.

Ẹ má sọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ yẹn nù. Tó bá jẹ́ pé ìròyìn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ kan (àwọn tó ń kó ìtàn kírẹ́dítì èèyàn jọ) ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ̀ yín, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà: Equifax, Experian tàbí TransUnion. Láàárín 60 ọjọ́, ẹ lè gba ẹ̀dà fáìlì yín lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, AnnualCreditReport.com ń fún èèyàn ní ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lórí "a ò rí fáìlì" yẹn, ẹ yẹ orúkọ yín wò. Ẹni tó kọ Olúwaṣeun sí báńkì, tó kọ Ṣeun sórí fọ́ọ̀mù káàdì, tó tún gbé orúkọ bàbá síwájú níbòmíràn, lè ní fáìlì méjì tí kò sí èyí tó kún. Bí orúkọ ṣe wà lórí káàdì Social Security, lẹ́tà sí lẹ́tà, ni kí ẹ máa kọ ọ́ níbi gbogbo.

Ìyá Ìbejì: Secured card ni kí o wá. O máa fi owó dógò, $200 ló wọ́pọ̀, iye yẹn náà ló sábà máa ń jẹ́ gbèdéke rẹ. Kó o tó fọwọ́ sí i, bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Ṣé wọ́n ń ròyìn fún ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, fi wọ́n sílẹ̀. Ṣé wọ́n ń gba owó ọdọọdún? Àwọn tí kì í gbà á wà. Oṣù mélòó ni wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láti dá owó ìdógò padà? Ṣé wọ́n lè kọ́kọ́ sọ fún ọ bóyá wàá rí i gbà láìfi hard inquiry kàn ọ́?

Ohun tí àwọn èèyàn ń ṣì mú níbí: owó ìdógò kì í san gbèsè oṣù fún ọ. Tí o bá ra nǹkan $40 tí o kò san án, wọ́n á ròyìn pé o kò san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé $200 rẹ wà lọ́wọ́ wọn. Má sì jẹ́ kí wọ́n ta prepaid card fún ọ dípò rẹ̀, owó ara rẹ lò ń ná níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń ròyìn rẹ̀.

Ọmọ Èkó: Tí káàdì bá dé, ẹ máa ṣẹ́ owó díẹ̀ kù lóṣooṣù, ẹ má san gbogbo ẹ̀ tán. Èlé tí wọ́n ń rí ni wọ́n fi ń gbé máàkì yín sókè.

Akọ̀wé Báńkì: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn yìí ti ná àwọn èèyàn wa lówó púpọ̀. Èlé kì í gbé máàkì sókè. Káàdì tó ń gba 29% lọ́dún yóò gba nǹkan bíi $3.60 lóṣù lórí $150 tí ẹ ṣẹ́ kù, lásán.

Ọjọ́ méjì ni kí ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìṣirò oṣù dé, iye tó bá wà lórí káàdì lọ́jọ́ náà ni wọ́n sábà máa ń ròyìn. Èkejì ni ọjọ́ ìsan, òfin sì ní kí ìwé owó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ná $180 nínú $200, tó san gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ ìsan, kò ní san èlé, ṣùgbọ́n 90% ni wọ́n ti ròyìn. Ẹ san án wá sí $20 ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ń pa ìṣirò dé, kí ẹ wá san ìyókù tán kí ọjọ́ ìsan tó dé. Iye tí èèyàn jẹ kó nǹkan bíi 30% nínú máàkì FICO, sísan lásìkò kó 35%. Tí ẹ bá ṣe àṣìṣe lórí iye tí ẹ jẹ, oṣù tó ń bọ̀ lè tún un ṣe. Ìsanwó tó bá fi ọgbọ̀n ọjọ́ pẹ́ yóò wà nínú fáìlì fún ọdún méje.

Aláàánú: Èmi kì í ṣe ẹni tuntun, gbèsè ló bà tèmi jẹ́. Káàdì kan wọ charge-off (báńkì ti ka gbèsè náà sí àdánù), agbowó-gbèsè ń pè mí. Ṣé secured card yìí lè ṣiṣẹ́ fún mi?

Akọ̀wé Báńkì: Ó lè ṣiṣẹ́, àwọn kan tiẹ̀ wà tí kì í yẹ fáìlì wò. Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè lọ́wọ́ báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè. Agbowó-gbèsè yẹn, láàárín 30 ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ bá dé, ẹ kọ lẹ́tà pé kó fi ẹ̀rí gbèsè hàn. Ó gbọ́dọ̀ dá gbígba gbèsè náà dúró títí yóò fi ṣe é. Ọdún méje tí àkọsílẹ̀ náà yóò lò, láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ kùnà láti san ni wọ́n ti ń kà á, sísan lónìí kò sún un síwájú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, tí ẹ bá san díẹ̀ lórí gbèsè tó ti pẹ́, àsìkò tí wọ́n lè fi pè yín lẹ́jọ́ lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ òfin ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó fi $20 ránṣẹ́.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó ṣíwájú kí òun tó tún kírẹ́dítì yín ṣe ń rú òfin. Ẹni tó bá sì ta nọ́ńbà CPN fún yín pé kí ẹ lò ó dípò Social Security, ẹ̀wọ̀n ló ń fà yín lọ.

Aláàánú: Ẹ ṣé gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ọ̀nà kan tún wà: kí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n fi orúkọ rẹ kún káàdì rẹ̀ tó ti pẹ́ bí authorized user. Kò pọn dandan kó fún ọ ní káàdì lọ́wọ́. Bi báńkì náà bóyá ó ń ròyìn authorized user. Tí onítọ̀hún bá pẹ́ sanwó, tàbí tí káàdì rẹ̀ bá kún dẹ́nu, ó lè kàn ọ́. Òun náà ló sì ni gbogbo gbèsè tí o bá fà, nítorí náà kì í ṣe gbogbo èèyàn la lè bẹ̀ irú ẹ̀.

Arìnrìnàjò: Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo lè fi $500 dógò dípò $200. Ṣé ó sàn jù?

Ìyá Ìbejì: Ó sàn, tó bá jẹ́ owó tí o kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún kan. $60 lórí $200 jẹ́ 30%, lórí $500 ó jẹ́ 12%. Tó bá jẹ́ owó ilé ni o fẹ́ fi ṣe é, fi $200, kí o máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Lọ́jọ́ tí káàdì bá dé, ṣètò kí báńkì máa san gbogbo iye orí ìwé oṣù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ọwọ́ ara rẹ san ti àkọ́kọ́, torí ètò yẹn lè máà tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ bá dé.