John Charles, agbábọ́ọ̀lù ará Wales: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ ìròyìn ẹ̀ lẹ́nu àgbà, ẹ máa bọ̀

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà dárúkọ John Charles, ara ẹ̀ á yá gágá. Ọmọ Swansea, ó ga bí igi àgbọn, orí ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni fẹsẹ̀ gbá a. Góòlù 42 ló gbá fún ẹgbẹ́ Leeds ní sáà 1953-54! Níjọ́ kan mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sí bàbá lẹ́sẹ̀, ló bá di ọwọ́ mi mú: "Wọ́n tà á." Ti Juventus, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ítálì tó rà á, ló ń sọ o, 1957, £65,000. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n tà á bí ewúrẹ́ 😂

Bọ́ọ̀lù Lásán: Dífíṣọ̀n kejì ló ti gbá 42 yẹn, ẹ sọ ọ́ tán.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ó dé Ítálì, ó gbá 28 ní sáà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbá tó o. Ṣé dífíṣọ̀n kejì náà nìyẹn?

Awakọ̀ Cardiff: Èmi kì í wo bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà kan tí mo gbé ló sọ fún mi pé réfírì ò kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ rí pé ó ṣẹ̀ lórí pápá, áḿbọ̀sì kí wọ́n lé e jáde. Ìyẹn làwọn ará Ítálì ṣe ń pè é ní Òmìrán Oníwà Tútù.

Bọ́ọ̀lù Lásán: Kò sí káàdì láyé ìgbà yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ nà sí i?

Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní *kọ orúkọ*. Ẹ ka nǹkan kẹ́ ẹ tó jà.

Ọmọ Èkó: Ẹ bi mí léèrè. Ará Wales lọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ife Àgbáyé ní Sweden, 1958, àwọn ará Hungary fẹsẹ̀ lù ú títí ó fi ṣèṣe, kò lè bá Brazil gbá. Pelé, ọmọ ọdún 17, gbá ẹyọ kan, ó parí. Tí ọ̀gá bá ti mu tíì tán, "ká ní John wà níbẹ̀" ló kù. Mo ní sà, àwa náà ní Baggio tiwa, ará Ítálì tó lé Nàìjíríà jáde nínú Ife Àgbáyé 1994, ẹ jẹ́ ká jọ sunkún.

Awakọ̀ Cardiff: Ẹ má dárúkọ Baggio fún mi láàárọ̀ yìí.

Bọ́ọ̀lù Lásán: Yekini ju Charles lọ.

Ọmọ Èkó: Ṣé Yekini lè gbá ẹ̀yìn? Leeds á fi Charles sẹ́yìn lónìí, wọ́n á tún gbé e síwájú lọ́la.

Bọ́ọ̀lù Lásán: Teslim Balogun tiwa náà wà ní QPR, ẹgbẹ́ kan ní London, ní 1956, ẹ ò sọ ìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Dífíṣọ̀n kẹta 😏

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ibi tí mo ti ń gbé àwọn ìbejì lọ wẹ̀ ní Leeds ní John Charles Centre? Mo rò pé pásítọ̀ ni.