Ẹ̀yin olùkọ́ Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Benin: báwo lẹ ṣe ń fi WhatsApp bá kíláàsì ṣiṣẹ́?

IsiroAjase: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi WhatsApp, Telegram tàbí Facebook bá kíláàsì ṣiṣẹ́, kó bọ́ síbí. Ohun tí ẹ ń ṣe gan-an la fẹ́ gbọ́: kí lẹ̀ ń gbé síbẹ̀, ìgbà wo, ibo ló ti ń dàrú. Ẹ má wá sọ fún wa pé "ó dára, ó ń ran ọmọ lọ́wọ́". Èyí a ti gbọ́.

IyaIbejiKetu: Ó dára, ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ 😂

OmoSabe: Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti troisième, ọdún kẹrin kọ́léèjì, torí BEPC, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ni gbogbo ayé ń lé. Ká ní ọmọ 60 ló wà ní kíláàsì. Bí ẹ bá ní kí kálukú ya iṣẹ́ rẹ̀ ní àwòrán, ojú ìwé mẹ́ta mẹ́ta, àwòrán 180 ni yóò ya wọ fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ kan. Òmíràn á dojú dé, òmíràn ò ní lórúkọ. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà mẹ́fà. Olórí ẹgbẹ́ á kó ìwé jọ, á ṣí Google Drive, á tẹ àmì ìròpọ̀, á tẹ Numériser, á so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di PDF kan. Fáìlì mẹ́wàá lẹ máa gbà. Kí orúkọ fáìlì gbé kíláàsì, ẹgbẹ́ àti déètì, bíi 3eB_G4_1203. Kí wọ́n yà á lẹ́bàá fèrèsé lójú ọ̀sán, kí wọ́n pa fíláàṣì, nítorí ibi tí fíláàṣì bá bà lé á funfun, báírò ò ní hàn níbẹ̀ mọ́.

IsiroAjase: Mẹ́wàá ṣeé ṣe. Àmọ́ olórí ẹgbẹ́ ò ní jókòó ti ìwé àwọn yòókù kó máa dà á kọ?

OmoSabe: Á dà á kọ, kí ló fẹ́ ṣe é! Ẹ gba tiẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíláàsì kó tó gba ti ẹlòmíì.

BabaTabulo: Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì ò ní olórí ẹgbẹ́.

IyaIbejiKetu: Bàbá, ẹ ti dé 😂 Ó dáa, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ gidi báyìí. Ẹ̀ ń sọ PDF, ẹ̀ ń sọ Drive. Fóònù kan ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé, ó sì wà lápò ìyá lọ́jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n mú un wá láàárọ̀, ẹni tó ní fóònù tiẹ̀ nìkan lẹ̀ ń kọ́. Ẹ fi síbẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ tún ro ti forfait, dátà tí wọ́n ń rà. Ẹ kọ ọ́ tàbí kí ẹ sọ ọ́ lóhùn: ohùn ìṣẹ́jú kan kì í sábà tó ìdámẹ́rin mẹ́gà, fídíò ìṣẹ́jú kan ń jẹ mẹ́gà lọ bí iná ọyẹ́. Ní ìpàdé òbí àkọ́kọ́, ẹ bá wọn wọ Paramètres, Stockage et données, Téléchargement automatique, kí ẹ yọ fídíò kúrò níbẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe é, fídíò àwàdà àti orin tí àwọn ẹbí ń fi ránṣẹ́ lè jẹ kirẹ́dì tán kí iṣẹ́ yín tó wọlé.

Alapere: Ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí Pythagore, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

IyaIbejiKetu: Ìṣẹ́jú méjì ni kó mọ. Òfin nínú èkíní, àpẹẹrẹ kan nínú èkejì. Kí ẹ sì kọ ìlà kan ṣáájú ohùn náà kí ọmọ mọ èyí tó máa ṣí.

IsiroAjase: Fún àwa oníṣirò: bí ẹ bá ya pátákó, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, ẹ má fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà lórí x á pòórá, x² á di x, ìbéèrè 40 á sì tẹ̀ lé e.

AdukeAjase: Ẹ dúró ná. Gbogbo yín ń sọ mẹ́gà, kò sẹ́ni tó sọ nọ́ńbà fóònù. Nínú gúrúpù WhatsApp, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá, bàbá ẹlòmíì, ẹ̀gbọ́n tó yá fóònù lò, gbogbo wọn pọ̀ nínú agbada kan.

Alapere: Èyí gan-an. Alẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn ọmọbìnrin náà.

KetuLomo: Aṣọ àti irun ọmọ tó fi sórí profil ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

BabaTabulo: Mo ní pátákó ò ní nọ́ńbà. Ẹ ò gbọ́.

AdukeAjase: Lónìí, Bàbá jàre. Ọ̀nà tó wà nìyí. Liste de diffusion ni èkíní: ènìyàn 256 ló lè gbà, ẹnì kan ò rí ẹnì kejì, èsì á sì wá bá olùkọ́ nìkan. Ibi tó ti máa ń kùnà ni pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà olùkọ́ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ ò ní rí nǹkan kan gbà. Nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà sí pátákó, kí ẹ rí i dájú pé òbí ti fi pamọ́. Èkejì ni Communauté, tó ń kó gúrúpù púpọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, tí WhatsApp gbé jáde ní 2022. Nínú gúrúpù ìkéde rẹ̀, admin àti ẹni tó ti ní nọ́ńbà rẹ tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń rí i. Ẹ gbọ́ o, gúrúpù ìkéde nìkan ni mo wí. Gúrúpù kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń fi nọ́ńbà hàn bíi ti tẹ́lẹ̀.

OmoSabe: Ẹ fi líǹkì kún un. Líǹkì tí ọmọ kan fi sórí Facebook, gbogbo ìlú ló ní i. Ẹ tan Approuver les nouveaux membres. Bí líǹkì bá ti jáde, ẹ tẹ Réinitialiser le lien, ti àtijọ́ á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

KetuLomo: Kí wá ló dé tí ẹ ò lo Telegram? Confidentialité, Numéro de téléphone, Personne. Ó tán.

Alapere: Ìyá tó ń ta gàrí, Telegram?

KetuLomo: Àwọn ọmọ terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn, ń kọ́? Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kí ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn lè ka gbogbo ohun tó ti wà níbẹ̀. Tún wo ìdìbò (sondage) tí a fi ń bi ọmọ ní ìbéèrè: lórí WhatsApp, gbogbo ènìyàn ń rí ohun tí kálukú yàn. Bí ọmọ tó mọ̀wé jù bá ti yan B, gbogbo kíláàsì ti yan B. Ti Telegram tó jẹ́ quiz ń pa orúkọ mọ́, ẹni tó bá ti yàn ò lè yí i padà, o sì lè kọ àlàyé kúkúrú tó máa jáde fún ẹni tó bá ṣì í.

IsiroAjase: Ti B yìí! Ìdí tí gbogbo wọn fi ń gba ogún nínú ogún nìyẹn.

AdukeAjase: Ẹ má gbàgbé ọjọ́ orí. Ọdún 13 ni WhatsApp fúnra rẹ̀ fi lélẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ sixième, kíláàsì àkọ́kọ́ kọ́léèjì, ò tíì pé bẹ́ẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà òbí ni kó wà níbẹ̀. Máàkì pẹ̀lú orúkọ ọmọ ò gbọdọ̀ wọ gúrúpù rárá. Òfin Benin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, Code du numérique, ní apá kan lórí ìsọfúnni ara ẹni, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni náà, ló sì ń bójú tó o.

BabaTabulo: 2018 kan náà ni ìjọba fẹ́ gba owó orí fráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá fi lo WhatsApp àti Facebook.

KetuLomo: Wọ́n fà á padà nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Bàbá.

BabaTabulo: 28 oṣù kẹrin 2019 ń kọ́, ọjọ́ ìbò, tí íntánẹ́ẹ̀tì kú pátápátá? Ẹni tó bá fi gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló fẹ́ fi kọ́mọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

OmoSabe: Ìwé. Ẹ̀dà kan lára pátákó ìkéde, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ olórí kíláàsì. Bàbá jàre lẹ́ẹ̀kejì.

Alapere: Ẹ sọ fún àwọn olùkọ́ Yorùbá náà kí wọ́n yéé kọ "oko" fún ọkọ, okó àti ọkọ̀. Ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè inú Gboard, ẹ, ọ, ṣ wà níbẹ̀.

KetuLomo: Àkọtọ́ Nàìjíríà nìyẹn. Ti Benin ni ɛ, ɔ, kp, sh.

Alapere: Ta ló ń fi ìyẹn kọ WhatsApp?

KetuLomo: Ìwé tí ìjọba fi ń kọ́ àgbà lédè wa.

IyaIbejiKetu: Ó ti dé o 😂 ẹ ṣí ọ̀rọ̀ mìíràn fún ìyẹn.

IsiroAjase: Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, Communauté yẹn, níbo ni mo ti máa tẹ̀ ẹ́?

AdukeAjase: Níbi tí ẹ ti ń dá gúrúpù tuntun sílẹ̀, ẹ wo Nouvelle communauté. Ẹ fún un lórúkọ, gúrúpù ìkéde á dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má so gúrúpù àtijọ́ mọ́ ọn o, nọ́ńbà ṣì wà níta níbẹ̀.