Àgbọ̀n àbúrò mi ń wú, kò sì dùn ún, kí ló lè jẹ́?

OmoIwo_gidi:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ọkùnrin ni o, ọmọ ọdún 24, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì ti ń wú díẹ̀díẹ̀ ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò dùn ún rárá, ìyẹn náà ló jẹ́ ká máa fojú kékeré wò ó. Màmá wa ní ségede ni, wọ́n fi àgbo pa á títí. Kẹ́míìsì fún un ní Ampiclox àti Flagyl, ó lò ó tán, bákan náà ló wà. Nígbà tó yá eyín ńlá méjì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbẹ̀ wá ń mì, ibì kan bá a yọ ọ̀kan, ojú ibẹ̀ ò tíì jiná dòní. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé àfiṣe ni, pé ká má gbé e lọ ọsibítù kí wọ́n má lọ gé e lágbọ̀n. Kí la fẹ́ ṣe báyìí?

BabaSeye:
Àwọn tó ní ẹ má gbé e lọ yẹn, ṣé wọ́n á bá a gbé àgbọ̀n ọ̀hún kiri ni?

DokitaEyin:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò lè wo ẹnu èèyàn látorí fóònù, àmọ́ kì í ṣe ségede, torí ségede kì í lò tó oṣù kan lára èèyàn ká má tíì wá sọ ọdún kan. Wíwú tó ń lọ jẹ́jẹ́, tí kò dunni, lẹ́yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀, lára ọ̀dọ́, tí eyín tí kò kẹ̀ wá ń mì, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa ni ameloblastoma, kókó kan tó ń hù nínú eegun àgbọ̀n. Inú irú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ara funfun líle tó bo eyín ló ti ń jáde. Lágbàáyé àìsàn tó ṣọ̀wọ́n ni, ṣùgbọ́n nínú gbogbo kókó tó ń ti ara eyín wá, òun la ń rí jù ní Nàìjíríà. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ o, àmọ́ ó ń jẹ eegun lọ lábẹ́lẹ̀ ni, kò sì sí oògùn kẹ́míìsì tó lè dá a dúró.

Wọ́n á ya X-ray tó ń gbé gbogbo àgbọ̀n jáde lẹ́ẹ̀kan náà, OPG là ń pè é. Tó bá jẹ́ òun ni, inú eegun sábà máa ń pín sí yàrá kéékèèké. Ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ò tó, torí àwọn àpò omi kan wà nínú àgbọ̀n tó máa ń jọ ọ́ gan-an, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa gé bíńtín níbẹ̀ lọ sí láàbù, biopsy nìyẹn. Kí èsì yẹn tó jáde ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín kankan mọ́.

Sade_Ake:
Èmi náà ti ní in rí. Mo rántí pé dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, ó sì ń ró bí èèpo ẹyin, eegun ti fẹ́lẹ́ tó yẹn. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) ṣe ni wọ́n kàn họ inú rẹ̀, ó tún padà hù. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n wá gé e tòun ti díẹ̀ nínú eegun tó dáa létí rẹ̀, wọ́n fi irin titanium dè é, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bu eegun ìbàdí mi dí i. Ẹ̀kọ mímu nìkan ni mò ń mu nígbà yẹn, ọ̀gì sú mi! Mo ṣì ń lọ ya X-ray títí dòní torí ó lè padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

OmoIwo_gidi:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Níbo la máa gbé e lọ?

DokitaEyin:
UCH Ìbàdàn tàbí OAUTH Ifẹ̀, èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè àwọn maxillofacial, ìyẹn àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu, àgbọ̀n àti ojú, kẹ́ ẹ sì mú eyín tí wọ́n yọ dání tó bá ṣì wà.

IyaFareed:
Ẹ má bínú dókítà, ọmọ mi ọdún 6 ńkọ́? Àárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni tiẹ̀ wú, ojú rẹ̀ ti ń yọ síta.

DokitaEyin:
Màmá, ti ọmọ yín yàtọ̀. Tó bá ń yára wú báyẹn lára ọmọdé, Burkitt lymphoma là ń fura sí, èyí tí dókítà kan tó ń jẹ́ Denis Burkitt ṣàlàyé rẹ̀ lára àwọn ọmọ Uganda ní 1958. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ ó máa ń gbọ́ oògùn dáadáa tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ ló nílò. Ọsibítù ńlá tó ní dókítà ọmọdé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lónìí, ẹ má dúró de Mọ́ńdè.