Ẹ̀rọ léèdì: ṣé ìyírin ni, àbí ìfárin?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní léèdì (lathe lédè Gẹ̀ẹ́sì). Ẹnìkan dábàá ẹ̀rọ ìyírin. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ ìfárin ló tọ́. Mo ní ọ̀kan nílé mi níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Myford ML7 ni, irú léèdì kan tí ilé iṣẹ́ Myford ṣe, mo ń tún un ṣe, mo sì ń wá ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí nídìí rẹ̀.

Irin tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń yí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí ó wà lára ẹ̀rọ náà ni yóò di irin náà mú pinpin, ọ̀bẹ kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ yóò sì dojú kọ ọ́ láìyí rárá. Bí mo bá ṣe ń sún ọ̀bẹ náà síwájú díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara irin yóò máa ká kúrò, gẹ́gẹ́ bí èèpo ọsàn ṣe ń ká lọ́wọ́ ọlọ́sàn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ọlọ́sàn náà dáadáa: ọsàn ni ó ń yí lọ́wọ́ òsì, ọ̀bẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, èèpo kò sì já títí yóò fi bó o tán. Ní ti dírììlì, ìdàkejì ni: ọ̀bẹ ń yí, irin dúró. Orúkọ tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí hàn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyírin sọ pé a yí irin, ṣùgbọ́n kò sọ pé a mú nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yí páìpù lọ nílẹ̀ náà ń yí irin. Yàtọ̀ sí èyí, irin nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń jẹ. Mo ti fi tèmi ṣe idẹ, ó sì pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà fún igi kí ó tó kan irin: ní Íjíbítì, nínú ibojì àlùfáà kan tí ń jẹ́ Petosiris, tí ọjọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, a gbẹ́ àwòrán ẹnìkan tí ó ń fi okùn yí ohun tí wọ́n ń gbẹ́ nígbà tí ẹnìkejì di ọ̀bẹ mú. Ìfárin sàn díẹ̀, nítorí pé nígbà tí ojú dúrọ́ọ̀mù búréèkì ọkọ̀ bá ti jẹ, fífá ni a ń gbé e lọ fá. Àmọ́ òkè ara ni fífá mọ sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yìí a tún máa wọ inú irin lọ, a máa gbẹ́ ihò sí i bí ẹni gbẹ́ kànga.

Èmi náà ti gbìyànjú. Mo kọ́kọ́ ronú àyífá, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sọ́dọ̀ Ifá. Mo yí i sí àyígbẹ́, mo rí i pé ìpajẹ fáwẹ́lì yóò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ yí igbẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo fi síwájú yín báyìí ni ẹ̀rọ agbẹ́yípo. Gbẹ́ ti inú, gbẹ́ ti òde, ọ̀rọ̀ kan náà ló gbà á; agbẹ́gilére sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, tí ìhun rẹ̀ bá èyí mu. Mo mọ̀ pé ẹnìkan lè sọ pé yípo kò sọ ohun tí ń yí, ìyẹn sì ni ibi tí ó kù sí.

Ní ti ara ẹ̀rọ náà, mo rọ̀ yín kí a má túmọ̀ ìjókòó gígùn tí gbogbo rẹ̀ dúró lé sí ibùsùn, bí ẹnìkan ti dábàá nítorí pé bed ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ohun tí ó gbé ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀ lọ, ó ń rìn bọ̀, bí rélùwéè lórí irin. Ojú irin ló jẹ́. Irin tí ó fẹ̀ tó ínṣì 7 lè yí lókè ojú irin ML7.

Ẹnìkan tún pe ẹ̀rọ mi ní ògbólógbòó. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, nítorí pé olè ni a sábà máa ń fi í ṣàpèjúwe. Ọdún 1946 ni ilé iṣẹ́ Myford, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1934 ní Beeston lẹ́bàá Nottingham, gbé ML7 jáde, nọ́ńbà tí lẹ́tà K ṣáájú rẹ̀ lára ẹ̀rọ sì ni mo ń tọ̀ láti mọ ọdún tèmi. Tòkunbọ̀ náà kò bá a mu, nítorí kò tíì la òkun kọjá. Àgbà ẹ̀rọ ni mo ń pè é.

Mi ò sọ pé kí léèdì kúrò lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Ó ti di tiwa. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí oníṣẹ́ léèdì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe agbẹ́yípo sí i létí láìṣàlàyé, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá ní òun gbọ́ ránṣẹ́ sí wa.