Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́?

Aránṣọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà sí Tákìé. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 26, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ènìyàn méjì tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi láti inú ògiri, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tó gbọ́ nǹkan kan. Kí àwọn òbí mi tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe, mo ti bọ́ aṣọ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì ti rìn wọ inú ọjà lọ. Wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ sí ibì kan tí wọ́n ti so mí mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a dé ilé ìwòsàn, tí dókítà sọ fún wa pé schizophrenia ni orúkọ àìsàn náà.

Ó ti pé ọdún 3 báyìí tí ara mi ti balẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni mò ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oògùn náà mú kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n débi pé mo lè jókòó ti ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá fi itọ́ ra orí òwú, màá lọ́ ọ, màá nà án síwájú, yóò sì tún yẹ̀. Àwọn oníbàárà tó rí ọwọ́ mi gbà pé wèrè ló kù lára mi, bẹ́ẹ̀ oògùn tó lé wèrè náà lọ ló ń gbọ̀n mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ fún dókítà, ó dín ìwọ̀n abẹ́rẹ́ náà kù, ó fi oògùn oníhóró kékeré kan kún un, gbígbọ̀n náà sì lọ.

Iṣẹ́ ti padà sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò padà. Obìnrin kan tí mo ti ń ránṣọ fún tipẹ́ wá gba aṣọ rẹ̀ tí n kò tíì gé, ó sì sọ fún ìyá mi, kì í ṣe fún èmi tí mo dúró níbẹ̀, pé ẹni tó bá ti wọ ọjà kò ṣe é wò mọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ní. Abúlé kan lápá Ìkòyí ló ti wá, kò sì mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ ni mo máa ń sọ fún un pé mo ń lọ ra bọ́tìnnì ní Ìbàdàn. Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọjà yìí? Ṣé ó sì yẹ kí n máa sọ nípa àìsàn mi, àbí kí n pa ẹnu mọ́?

Nọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́

Ẹ kú ìfaradà. Mo ti tọ́jú àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹnu akọ̀wé àti ẹnu ẹni tí kò kàwé ni mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà yẹn. Lójú tèmi, àwọn baba wa rí nǹkan kan, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ṣì mú. Kí ènìyàn tó rin ìhòòhò dé ọjà, ó sábà máa ń jẹ́ pé àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ tipẹ́, tí àwọn ará ilé ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ìtọ́jú bá sì ṣe pẹ́ tó ni ìwòsàn ṣe máa ń ṣòro tó. Pípẹ́ yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́, kì í ṣe ọjà. Bákan náà, kò sí oògùn nígbà ayé wọn: ọdún 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lé ní ogún mílíọ̀nù ènìyàn tó ní schizophrenia, àti pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́ta wọn lè gbádùn pátápátá.

Ní ti sísọ, oníbàárà tó gbé yáàdì mẹ́fà wá kò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ẹ ń gbà sára. Ọmọ iṣẹ́ yín yàtọ̀. Òun ló wà lọ́dọ̀ yín láti àárọ̀ dalẹ́, òun ló sì máa kọ́kọ́ rí i bí ẹ kò bá sùn mọ́, tàbí bí ẹ bá ń dá ohùn kan tí kò sí níbẹ̀ lóhùn. Ẹ má sì torí pé ara yín ti yá dá abẹ́rẹ́ náà dúró. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí ilé ìwòsàn nìyẹn.

Òbí Ọlọ́mọge

Mo bá arákùnrin yìí kẹ́dùn, ṣùgbọ́n wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Bí ó bá wá fẹ́ ọmọ mi, n ó ṣèwádìí, n ó sì kọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Nọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀jẹ̀ ní ipa tirẹ̀, n kò jiyàn. Bí òbí kan bá ní àìsàn yìí, nǹkan bí ọmọ 10 nínú 100 ló ṣeé ṣe kí ó ní i. Ẹ má gbàgbé 90 tó kù. Bí ẹ bá ń ṣèwádìí lọ, ẹ béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ náà, kí á wo ilé tí ẹ ó ti rí ọkọ.

Baba Akẹ̀sán

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ kí ó má sọ pé àwọn baba wa kò ní oògùn. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mu, ó sì ń mú wọn sùn. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú igi yẹn, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá sì lò ó fún àìsàn ọpọlọ nígbà kan. Ó máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gan-an, nítorí náà, ọmọ mi, má ṣe pa á pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ti Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, tí gbogbo wa ń fi orúkọ rẹ̀ bú ènìyàn láìmọ ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, tí mọ̀lẹ́bí wọn sì ń bá wọn gbé; wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ará abúlé. Àwọn àgbẹ̀ gbà wọ́n sílé nígbà tí ara wọn kò tíì yá, àwa wá ń gba aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Òfin wèrè ti ọdún 1958 ni ìjọba pàápàá ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023 tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, nítorí náà, má retí pé ẹnu aráàlú yóò yára ju ti ìjọba lọ.

Aránṣọ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò bínú sí ẹni tó pa òwe, nítorí ìyá tó bí mi lọ́mọ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, nígbà tí ó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú ọgbẹ́ okùn ní ọrùn ẹsẹ̀ mi, tí ó rò pé mo ti sùn. N kò ní kọ àìsàn mi sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi, n ó sì sọ ibi tí mò ń lọ fún ọmọ iṣẹ́ mi, torí pé bọ́tìnnì tí mo ti rà nítorí irọ́ yẹn ti kún agolo mílíìkì mẹ́ta.